Orúkọ nọ́ńbà 31: ohun tí ẹjọ́ yúníọ̀n ọsibítù fojú mi rí

Ẹ̀rín ló máa ń pa mí báyìí tí mo bá rántí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, òógùn bò mí nínú kóòtù tí éésì ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Lọ́yà àwọn tó pè wá lẹ́jọ́ na ìwé kan sí mi, ó ní, "Madam, ẹ bá wa ka orúkọ tó wà ní nọ́ńbà 31." Mo kà á. Ó ní ṣé mo mọ onítọ̀hún, mo ní mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ọmọ lábù ni, ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì wa ló wà. Ó ní ṣé òun ló sáìn síbẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ló bá fa ìwé mìíràn yọ nínú fáìlì rẹ̀, lẹ́tà tí ọmọ lábù yìí fi fiṣẹ́ sílẹ̀, déètì orí ẹ̀ sì fi oṣù méjì ṣáájú déètì ìwé tèmi. Bọ̀dá ti jápa! Ó ti wà ní Coventry tó ń tọ́jú arúgbó, lọ́jọ́ tí èmi ń sọ pé ó sáìn ìwé fún mi lẹ́yìn mọ́ṣúárì. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, adájọ́ dorí kodò bí ẹni tó ń kọ nǹkan, èmi ń bẹ ilẹ̀ kó lanu kó gbé mi mì.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo wà, àwa tẹ́ ẹ máa ń bá lójú fèrèsé tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba káàdì, àwa tẹ́ ẹ máa ń bú pé a ò tètè rí fáìlì yín. Ọsibítù ìjọba ni, nínú ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ibẹ̀ ni mo ṣì ti ń jẹun.

Àwọn ará ìta rò pé ẹni tí kì í bá ti ṣe dókítà ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ni. Rárá o. Àwọn dókítà ní NMA tiwọn, wọ́n dá dúró. Àwọn nọ́ọ̀sì ní NANNM. MHWUN (Medical and Health Workers' Union) wà, ìyẹn gbòòrò gan-an, NUAHP wà fún àwọn tí wọ́n ń pè ní allied health, SSAUTHRIAI (ti àwọn òṣìṣẹ́ àgbà) àti NASU (ti àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́) wà níbi àwọn ọsibítù yunifásítì. Àwọn márùn-ún yìí ló para pọ̀ tí wọ́n ń jẹ́ JOHESU tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ nínú rédíò pé wọ́n ti daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 2018, ọjọ́ 44 ni wọ́n fi yanṣẹ́ lódì, láti oṣù April títí dé òpin May. Ẹni tó bá ń wò wá lókèèrè á ní ọmọ ìyá ni gbogbo wa. Nínú ilé ńkọ́? Àwọn kan wà láàrin wa tó jẹ́ pé yúníọ̀n méjì lè nawọ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà pé tèmi ni: àwa rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn tẹkiníṣánì lábù, àwọn ti fámásì. Bí ilẹ̀ tó wà láàrin ìlú méjì ni wá. Kì í sì í ṣe ojú wa ni wọ́n fẹ́ràn o, dúùsì ni, owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù.

Mi ò ní sọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn. Ẹ ṣáà máa pè é ní yúníọ̀n àgbà. Gbogbo ìparí oṣù ni wọ́n ń yọ 1,150 náírà lórí owó mi, ó wà lórí péésílíìpù, mi ò sì rántí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bi mí léèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n fún mi ni ànkárá nígbà May Day àti ìrẹsì lọ́dún Kérésì, tí wọ́n á wọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń ta góòlù. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí. Ohun tó bí wa nínú ni prómóṣọ̀n. Ọdún mẹ́ta la fi wà lójú kan, wọ́n á ní ìjọba ò tíì fọwọ́ sí i, ẹ ní sùúrù, à ń bá wọn sọ ọ́. Ọjọ́ kan la kàn rí i pé prómóṣọ̀n alága yúníọ̀n àti ti sẹ́kítárì ẹ̀ ti jáde, tí wọ́n tiẹ̀ ti gba àríásì. Tiwa ńkọ́? Ẹ ní sùúrù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di kí a kó lọ sí yúníọ̀n kejì nìyẹn. A ṣe mítíìnì lẹ́yìn mọ́ṣúárì, torí ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í wá bá èèyàn tí kò bá nídìí. Àwọn òṣìṣẹ́ yúníọ̀n kejì wá láti sẹ̀kítérìatì wọn, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù dání, wọ́n sọ̀rọ̀ dídùn, wọ́n ra máltínà. Wọ́n ní ká yan sẹ́kítárì, gbogbo èèyàn nàka sí mi. Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀? Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dáa. Ogún ọdún tí mo ti ń kọ orúkọ sára káàdì, ó gbọ́dọ̀ dáa. Ohun tó wá dá mi lẹ́bi ní kóòtù nìyẹn.

Èèyàn 64 ni mo kó orúkọ wọn jọ. Nígbà tí mo sọ pé mo kó o jọ, ẹ gbọ́ bí mo ṣe kó o. Àwọn kan wá fúnra wọn, wọ́n kọ ọ́, wọ́n sáìn. Àwọn kan wà ní náìtì, wọ́n ní "Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi fi sí i." Àwọn kan, mo pè wọ́n lórí fóònù. Àwọn kan, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mi ò pè wọ́n, mo kàn mọ̀ pé inú ń bí wọn náà ni, mo ní wọn ò lè bínú sí mi. Ojú ewé àkọ́kọ́ tiẹ̀ wá burú jù: àtẹ́ńdáǹsì ni tẹ́lẹ̀, ti ọjọ́ tí a pàdé nítorí owó tí a fẹ́ dá fún ẹnì kan tó fẹ́ sìnkú màmá ẹ̀. Sígínéṣọ̀ ti wà lórí ẹ̀, mo ní kí ló dé tí màá fi tún máa yọ wọ́n lẹ́nu, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ méjì tó kù, mo kọ lẹ́tà kan síwájú ẹ̀ pé "àwa tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ yìí ti kúrò nínú yúníọ̀n yín," mo gbé e lọ bá àwọn HR. Orúkọ bọ̀dá Coventry wà lórí àtẹ́ńdáǹsì ìsìnkú yẹn. Lóòótọ́ ló sáìn. Owó ìsìnkú ló sáìn fún.

Àwọn mánéjímẹ́ǹtì gba lẹ́tà wa tayọ̀tayọ̀. Ó yẹ kí ìyẹn gan-an mú mi fura. Wọ́n kọ̀wé sí yúníọ̀n àgbà pé àwọn ti gbọ́ pé èrò ń jáde, wọ́n kọ̀wé sí yúníọ̀n tuntun pé ẹ dúró ná, wọ́n wá ní títí ọ̀rọ̀ máa fi yanjú, àwọn á máa yọ dúùsì lọ ṣùgbọ́n àwọn ò ní fún ẹnì kankan. Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi yọ owó yẹn tí wọ́n kó o síbì kan. Oṣù mọ́kànlá yẹn náà ni ẹnikẹ́ni ò fi dárúkọ prómóṣọ̀n. Alága tiwa ń pariwo alága tiwọn, alága tiwọn ń pariwo tiwa, ọ̀gá pátápátá ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin sọ fún mi nígbà náà pé "ìwọ ò rí i pé àwọn ló ń jèrè ẹ̀?" mo ní kó lọ jókòó, pé èrò àtijọ́ ló ń dà á láàmú. Òun ló mọ̀ ọ́n.

Yúníọ̀n àgbà gbé wa lọ sí kóòtù. Wọ́n pe ọsibítù, wọ́n pe yúníọ̀n kejì, wọ́n pe alága wa, wọ́n wá pe èmi náà, olùjẹ́jọ́ kẹrin. Ojú fèrèsé káàdì ni bélífù ti wá fún mi ní ìwé, àwọn aláìsàn tò lọ rẹrẹ, ó ń pe orúkọ mi ní kíkún bí ẹni pé mo jalè. Màmá mi gbọ́ nílé, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ tì mí mọ́lé ni. Mo ní kò sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀, ẹjọ́ lásán ni. Ó ní kò sí ẹjọ́ tó ń jẹ́ lásán.

NIC ni kóòtù náà, National Industrial Court, ó ti wà láti 1976, àmọ́ lọ́yà wa ní àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa lọ́dún 2010 ló sọ ọ́ di pé òun nìkan ló lè gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ àti ti yúníọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, kóòtù gíga ìpínlẹ̀ ò gbọdọ̀ dá sí i mọ́. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún la dá fún lọ́yà. Ọmọdé ni, kò tíì ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣeré, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jókòó ló ti já mi láyà.

Mo ti lọ ka nǹkan kí n tó dé ọ́fíìsì ẹ̀. Mo ní sekíṣọ̀n 40 nínú ìwé òfin sọ pé mo lè wọ yúníọ̀n tó bá wù mí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní àtúnṣe 2005 tí wọ́n ṣe sí Trade Unions Act sọ pé ìfẹ́ inú ẹni lèèyàn fi ń wọ yúníọ̀n, wọn ò gbọdọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi ti ń dùn, mo ti fẹ́ dìde. Ó ní, "Ẹ jókòó, Mà. Lẹ́tà yín dà?" Mo fún un ní fúlúskáàpù mẹ́ta tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò, ó bọ́ ìgò ojú ẹ̀. Ó ní, "Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dà?"

Bó ṣe là á yé mi rèé, màá sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà fetí sí i. Ojú kan kọ́ ni NIC fi ń wo òṣìṣẹ́ kékeré àti òṣìṣẹ́ àgbà. Ẹni tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré, tí yúníọ̀n kan sì wà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kó irú ẹ̀ sínú, òfin gbà pé ó ti wà nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ nǹkan kan, Labour Act sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa yọ dúùsì ẹ̀ lọ. Tí kò bá fẹ́ mọ́, òun fúnra ẹ̀ ló máa kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́. Òun fúnra ẹ̀ o, kì í ṣe sẹ́kítárì, kì í ṣe alága, kì í ṣe pé kí ogún èèyàn gbá jọ lórí bébà kan. Ẹni tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà, níjọba wa níbí láti lẹ́fẹ́lì 7 lọ sókè, òdìkejì ni tiẹ̀: kò sí nínú yúníọ̀n kankan àfi tó bá kọ̀wé pé òun fẹ́ wọlé, kò sì yẹ kí wọ́n fọwọ́ kan kọ́bọ̀ ẹ̀ kó tó kọ ọ́. Nínú àwọn 64 wa, 41 ni kò tó lẹ́fẹ́lì 7. Ìyẹn ni pé orúkọ 41 tí mo fi ìkọ̀wé mi tó dáa kọ, bí ẹni fi omi kọ ọ́ ni.

Mo bi í pé kí ló dé tí a ò kúkú dá tiwa sílẹ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù lásán, ká máa gba dúùsì ara wa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn ni òfin ò fẹ́ jù, pé àtìgbà tí ìjọba ológun ti kó àwọn yúníọ̀n kéékèèké tó pọ̀ bí eṣú jọ lọ́dún 1978, tí wọ́n sọ wọ́n di yúníọ̀n ńlá 42, wọn kì í fẹ́ forúkọ tuntun sílẹ̀ níbi tí òmíràn bá ti wà. Ẹnì kan wà láàrin wa, ọmọ fámásì kan tó máa ń ka íntánẹ́ẹ̀tì kanrí, ó ní ṣebí àsósíéṣọ̀n iṣẹ́ wa ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpínì àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa san dúùsì síbẹ̀, pé Convention 87 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fọwọ́ sí i, pé láti 1960 ni Nàìjíríà ti sáìn ẹ̀. Lọ́yà ní kó rọra. Ó ní àwọn community health, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn sẹ́ńtà ìlera kéékèèké, àsósíéṣọ̀n tiwọn àti MHWUN ti fa irú ẹ̀ títí dé Supreme Court, wọ́n dá a lọ́dún 2008, wọ́n dárúkọ ILO níbẹ̀, ilé ẹjọ́ sì sọ pé àdéhùn ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn aṣòfin wa ò bá tíì sọ di òfin, kò lágbára níbí. Ó ní lóòótọ́ àtúnṣe 2010 yẹn ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, NIC lè wo àdéhùn tí Nàìjíríà bá ti fọwọ́ sí báyìí, ṣùgbọ́n CAC ò tìtorí ẹ̀ di ọ́fíìsì tó ń forúkọ yúníọ̀n sílẹ̀, ẹlòmíràn ló ni ìyẹn. Ọmọ fámásì dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún fi àkọsílẹ̀ ILO míràn ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa, ojú ewé àádọ́ta, a ò ṣí i.

Ọjọ́ tí mo wọ àpótí ẹlẹ́rìí, ẹ ti gbọ́ ti nọ́ńbà 31. Kò tán síbẹ̀. Lọ́yà wọn ní kí n kọ gbólóhùn kan sórí bébà funfun níwájú adájọ́. Mo kọ ọ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé orúkọ. Kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, ó kàn gbé e fún adájọ́, ó jókòó. Lẹ́tà g mi máa ń ní ìrù gígùn, ìrù gígùn yẹn wà lára gbogbo orúkọ láti ojú ewé kejì lọ.

Ohun tó gbà wá díẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ bébà yìí kan àwọn náà. Lọ́jọ́ tí akápò wọn dé àpótí, lọ́yà wa rọra dìde, ó ní, "Sà, olùjẹ́jọ́ kẹrin yìí, lẹ́fẹ́lì 9 ni. Ẹ bá wa mú lẹ́tà tó fi wọ yúníọ̀n yín jáde." Akápò ní ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ni, ó ń wá mítíìnì, ó gba ànkárá. Lọ́yà ní òun ò bèèrè ànkárá. Ó mú un gba orí àwọn òṣìṣẹ́ àgbà 23 tó wà láàrin wa lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà lẹ́tà, kò sí ẹyọ kan. Ọdún tí wọ́n ti ń yọ 1,150 mi, kò síbi tí mo ti ní kí wọ́n yọ ọ́. Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́ nínú kóòtù, mo wá rántí nọ́ńbà 31.

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni gbogbo ẹ̀ gbà, pẹ̀lú ọjọ́ tí kóòtù ò jókòó àti ọjọ́ tí lọ́yà ẹnì kan ṣàìsàn. Adájọ́ ní àwọn òṣìṣẹ́ kékeré tó wà lórí ìwé mi, inú yúníọ̀n àgbà ni wọ́n ṣì wà, àfi ẹni tó bá kọ̀wé fúnra ẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Àwa àgbà 23, kí wọ́n má yọ dúùsì wa fún wọn mọ́. Àwa 19 tó ti kún fọ́ọ̀mù yúníọ̀n kejì níkọ̀ọ̀kan, kí dúùsì wa máa lọ síbẹ̀, torí fọ́ọ̀mù yẹn ni lẹ́tà wa. Àwọn mẹ́rin tó kù ò sí níbì kankan. Owó oṣù mọ́kànlá tí wọ́n dì mọ́wọ́, kí wọ́n pín in bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá ti ẹni tí kò ní yúníọ̀n padà fún un. Ó wá kọjú sí lọ́yà ọsibítù, ó ní agbanisíṣẹ́ kò ní iṣẹ́ kankan nínú ẹgbẹ́ tí òṣìṣẹ́ fẹ́ ṣe, pé kí ló ń wá lórí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Kálukú gbé owó lọ́yà tiẹ̀. Yúníọ̀n méjèèjì ló se ìrẹsì lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn méjèèjì ní àwọn jàre.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, mi ò bá má kọ èyí. Màmá kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, lẹ́fẹ́lì 4, àwọn tó ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì tó ń fọ nǹkan. A jọ máa ń wọ ọkọ̀ ni. Ọ̀kan lára àwọn tí mi ò pè ni wọ́n, nọ́ńbà 52, mo kàn kọ orúkọ wọn síbẹ̀ torí mo mọ̀ pé prómóṣọ̀n wọn náà ti há. Màmá yìí ń dá owó sí kọpa (ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀) yúníọ̀n àgbà láti ọdún gbọọrọ, wọ́n sì ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yá owó fún ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin. Ọjọ́ tí wọ́n lọ gbà á, wọ́n ṣí ìwé orúkọ tí a kó fún HR, wọ́n ní ẹ ò sí lára wa mọ́, Mà, ẹ lọ yá a lọ́wọ́ àwọn ará yín. Màmá ní ará wo? Wọ́n ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹlẹ́yàwó orí ìta ni wọ́n padà lọ bá, èyí tó ń ká èlé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó ti wọlé ọkọ tán ni mo tó gbọ́, lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo lọ kúnlẹ̀ fún wọn ní kọ́rídọ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé aṣọ iṣẹ́ mi á dọ̀tí. Wọ́n ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́fà ni wọn ò fi bá mi wọ ọkọ̀ kan náà, tí wọ́n bá rí mi ní páàkì, wọ́n á ní kí awakọ̀ máa lọ.

Nígbà tí ìdájọ́ jáde, mo tẹ irú lẹ́tà tí lọ́yà ní kí èèyàn máa kọ sórí kọ̀ǹpútà, ìlà mẹ́ta péré, mo prínìtì ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ kékeré tó bá ṣì fẹ́ kúrò. Màmá wá sójú fèrèsé wa lọ́jọ́ kan tí èrò ò pọ̀. Mo mú ọ̀kan fún wọn, mo mú báírò, mo ní kí n bá yín kọ orúkọ sí i, Mà? Wọ́n gba báírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n dá bébà tí mo tẹ̀ padà, wọ́n ní kí n fún àwọn ní èyí tí nǹkan kan ò sí lórí ẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn, wọ́n kọ ọ́ lédè Yorùbá, ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn HR fúnra wọn. Ọmọ tó wà ní HR ló sọ fún mi lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ò mọ fáìlì tí òun máa fi í sí, àmọ́ òun ti bá wọn tẹ sítáǹpù lù ú, wọ́n sì ti gba kọ́pì tiwọn lọ. Ohun tí wọ́n kọ ni pé: "Mi ò kúrò níbì kankan. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi kọ orúkọ mi mọ́."